Ohùn Tó Mọ́ ní Ọjọ́ Ìyapa

Láàárín gbogbo èrò tó ń ti ara wọn síwájú lẹ́nu wáyà Ọ̀pẹ-Kan lọ́sàn-án ọjọ́ Ìyapa, ojú kan ṣoṣo ló bá tèmi ṣe mẹ́rin.

Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Òdìkejì wáyà ló wà, lórí ìlà àwọn tó fẹ́ wọlé sọ́dọ̀ wa, ó gbé kúlà funfun kékeré kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Èrò ti ìyá arúgbó kan lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yára yí padà, ó di ìyá náà lápá mú kó má baà ṣubú, ibi tó ti ń gbórí sókè ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sínú tèmi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù méje tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín sí mi láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Àyà mi já, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn. Nínú gbogbo wàhálà ayé yìí, irun orí mi tí mi ò dì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ń rò. Ẹ ò rí wèrè bí!

Lẹ́yìn náà ni mo rí fìlà rẹ̀. Fìlà òwú ni, aláwọ̀ osùn, ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún, etí rẹ̀ kan sì gùn ju èkejì lọ. Ta ló ń dé fìlà òwú nínú oòrùn tó ń se ènìyàn lórí báyìí? Ẹnìkan ṣoṣo ni. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Adédùnmọ́lá, ti kọ ọ́ sára síléètì fún mi: *Wàá dá a mọ̀. Yóò dé fìlà burúkú tí mo hun fún un. Kò lè bọ́ ọ.*

Adédùnmọ́lá ti kú láàárọ̀ àná. Lẹ́tà tó kọ sí i wà nínú àpò mi.

Ẹyẹ irin fò kọjá lókè orí wa, ohùn obìnrin tó wà nínú rẹ̀ dùn bí oyin: "Ó ku àádọ́ta ìṣẹ́jú kí orílẹ̀-èdè wa kúrò nínú Ẹgbẹ́ Ọjà Kan. Tiwa la ó jẹ, tiwa la ó lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sunkún lórí ìlà."

"Tiwa la ó jẹ," Màmá Gbékẹ̀lé ń sín in jẹ. Òun ni ọ̀gá àwa agbélẹ́tà Ilé Ìdákẹ́, àwa tí a máa ń ru lẹ́tà àwọn aláìsàn wá sẹ́nu wáyà. Ó nawọ́ sí ọkọ̀ ńlá mẹ́fà tí wọ́n dá padà sẹ́bàá ọ̀nà, ìgò kéékèèké tí kò sí nǹkan kan nínú wọn ló kún inú wọn, wọ́n ń dán yinrinyinrin lójú oòrùn. "Wò ó, tiwa nìyẹn. Ìgò! Ilé iṣẹ́ ìgò wà lọ́dọ̀ wa, oògùn wà lọ́dọ̀ wọn. Tó bá ti di aago mẹ́rin, àwa á máa lá ìgò, àwọn á máa fi àtẹ́lẹwọ́ bu oògùn."

"Màmá, ẹ rọra. Ẹyẹ yẹn ń gbọ́."

"Kó gbọ́! Ẹgbẹ́ ní kí gbogbo wa kó oògùn jọ sí àká kan, kí ibi tí àìsàn bá ti pọ̀ jù kọ́kọ́ gbà. Àwọn tiwa ní ìwọ̀sí ni. Ìwọ̀sí. Ìbíyẹmí, ọmọ méjì ni mo sin. Ṣé ìwọ̀sí ni mo fi sin wọ́n?"

Kò sunkún. A kì í sunkún mọ́ ní Ọ̀pẹ-Kan. Ó kàn ń jẹ orógbó ẹnu rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ kíkankíkan.

Gbogbo ìlà ló ń jẹ orógbó lọ́jọ́ náà, kí ohùn wọn lè mọ́. Nítorí Olùgbọ́ ni. Àárín wáyà ni yàrá gíláàsì rẹ̀ dúró sí, kò sì sí ẹni tó lè wọlé tàbí jáde bí kò bá dúró nínú rẹ̀ kó sọ̀rọ̀. Àrùn tí a ń pè ní agbohùn máa ń kọ́kọ́ jí ohùn ènìyàn kó tó wá jí èémí rẹ̀, Olùgbọ́ sì máa ń gbọ́ ọ nínú ohùn kí olóhùn fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ẹ̀rọ tó mọ nǹkan ni, àmọ́ ohun kan wà tí kò mọ̀. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn tí àìsàn bàjẹ́ àti èyí tí ẹkún bàjẹ́.

A rí i kedere ní nǹkan bí aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Obìnrin kan tó wọ aṣọ àlùkò ti dé iwájú ilẹ̀kùn yàrá náà, òun ló kàn. Ọkùnrin kan lọ́dọ̀ wa, bóyá àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, fẹnu sí ihò wáyà, ó pariwo: "Ìyàwó o! Ẹ yára o! Táyé ti lọ, ẹ wá bá wa sin ín!"

Obìnrin náà figbe ta. Ó wó lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dìde wọ inú gíláàsì, ohùn rẹ̀ ti ha.

"Ìwọ ta ni? Ọmọ ta ni? Ka oókan títí dé ẹẹ́wàá," Olùgbọ́ wí.

"Oókan," obìnrin náà wí. "Eéjì. Ẹẹ́ta..."

"Ohùn bàjẹ́."

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, apá irin rọra tì í padà síbi tó ti wá. Kò tì í pẹ̀lú ìkanra o. Bí ẹni ń ti àga sábẹ́ tábìlì ni.

Màmá Gbékẹ̀lé ti dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó pariwo. "Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni? Ta ló ń túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà? Ṣé o rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é? A máa ń jẹ́ kí ènìyàn wọlé, kó jókòó, kó mu omi, kí àgbà méjì jókòó tì í! Wò ó, o ti pa á lẹ́ẹ̀mejì."

Ọkùnrin náà dúró síbẹ̀, ó ń fi èékánná họ wáyà.

Àfi bíi pé èmi ni Màmá ń bá wí. *A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà.* Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Mo gbé e, mo fi bo ohun tó wà nínú ọkàn mi, bí ẹni fi ewé tútù bo ẹran tó ti ń rùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹni tí agbohùn bá mú, ọjọ́ márùn-ún ni. Bí oògùn bá kan ọ̀fun rẹ̀ kí ọjọ́ karùn-ún tó wọ̀, á yè. Bí kò bá kàn án, ó tán. Àwọn kan kì í tiẹ̀ lò tó márùn-ún: ọjọ́ kẹta ni Adédùnmọ́lá lọ. Àbúrò mi, Àṣàbí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí wọ́n jọ gbé wọ Ilé Ìdákẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ti wà lórí ọjọ́ kẹrin. Kò sì sí ẹ̀kán oògùn kan mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ wa. Èyí tí Adédùnmọ́lá ní ọkọ òun ń gbé bọ̀ nìkan ló kù ní ayé mi, inú kúlà funfun yẹn ló wà, mọ́ àyà ọkùnrin yẹn.

Abẹ́ iná apakòkòrò ni gbogbo lẹ́tà Ilé Ìdákẹ́ ń gbà kọjá ní títẹ́, a kì í lẹ̀ ẹ́, nítorí náà ojú mi ti kan ti Adédùnmọ́lá. Kò gùn. *Adékàmbí, ọkọ mi, nígbà tí èyí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo ti lọ. Má wọlé. Bí o bá wọlé wọn ò ní jẹ́ kí o jáde mọ́, ta ni yóò wá máa rántí mi níta? Padà sílé.* Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó mú síléètì, ó kọ ọ́ sí èmi náà: *Fún un kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ gíláàsì. Ṣèlérí.* Mo gbé ọwọ́ lé àyà. Mo ṣèlérí.

Ẹyẹ irin tún kọjá. Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́bàá wáyà, mo ń ké orúkọ, mo ń na lẹ́tà gba ojú ihò. Àwọn mìíràn ń na ẹrù sí wa padà: aṣọ, gààrí, Bíbélì. Títí di aago mẹ́rin, ohunkóhun ló lè gba ojú wáyà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá fún Adékàmbí ní lẹ́tà rẹ̀, ó lè na kúlà náà sí mi. Àmọ́ ta ló máa ka irú lẹ́tà yẹn tán tí yóò rántí ọmọ ẹlòmíràn? Ní òdìkejì lọ́hùn-ún pàápàá, wọ́n ti ń jà du oògùn náà. Yóò yí padà ni. Yóò gbé e lọ. Ohun tí èmi ì bá ṣe nìyẹn, mo sì rò pé gbogbo ayé ti dà bí èmi.

Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àpò mi ti fúyẹ́.

"Tàǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o," ó kí mi. Bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó mọ́, ó dà bí omi tó wà nísàlẹ̀ kànga. "Ẹ̀yin lẹ wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé ẹ mọ̀ mí."

"Rárá o. Fìlà yín ni mò ń wò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan etí fìlà tó gùn jù. "Ẹ má bú u o. Ìyàwó mi ló hun ún. Ìyàwó mi lọ́la, tí Ọlọ́run bá fẹ́. Tí mo bá bọ́ ọ kó tó rí i, ìjà ni." Ó sún mọ́ wáyà. "Adédùnmọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ṣé kò sí lẹ́tà tèmi? Adékàmbí."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ọwọ́ mi wà lórí lẹ́tà náà nínú àpò. Mo ń fi ìka kan etí rẹ̀. Mo rí fèrèsé Ilé Ìdákẹ́ lọ́kàn mi, mo rí Àṣàbí tó ń fi ìka kọrin lórí ìbora nítorí pé ohùn ti lọ.

"Kò sí," ni mo wí.

Ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀. Mo sì fi kún un, Ọlọ́run foríjì mí, mo fi kún un: "Bóyá ó ti ń retí yín ni. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń yá kì í kọ̀wé mọ́."

Ìmọ́lẹ̀ tó wá sójú ọkùnrin náà! Bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn. "Lóòótọ́? Lóòótọ́, Tàǹtí?" Ó bu orógbó ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó na ìlàjì gba ojú wáyà sí mi. "Ẹ gbà, ẹ bá mi jẹ ẹ́. Ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ nílé wa."

Mo gbà á. Mo fi sẹ́nu. Ìkorò rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu mi títí dòní.

Ìyá arúgbó tó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà, èyí tó dì mú lẹ́ẹ̀kan, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá náà ń padà sílé ni, ó ní òun ò fẹ́ kú sílẹ̀ àjèjì. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìlà kò sì yára. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Ọmọ mi, bọ́ síwájú mi."

"Rárá o, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé."

"Mo ní bọ́ síwájú! Ẹnu mi wúwo, kí n tó ka oókan dé ẹẹ́wàá, ilẹ̀ á ti ṣú. Ìyàwó rẹ ń retí. Èmi, ta ló ń retí mi? Sàréè. Sàréè kì í bínú sí ẹni tó bá pẹ́ dé."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Adékàmbí dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn tòun ti kúlà láyà, ó dìde, ó sì wọ inú gíláàsì. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Ìwọ ta ni? Ọmọ ta ni?"

"Adékàmbí ni mí, ọmọ Ọláníyọnu, ará Kétu."

"Kí lo fẹ́ wọlé wá ṣe?"

"Mo fẹ́ wọlé wá gbéyàwó!"

Ìlà bú sẹ́rìn-ín, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wáyà. Ẹ̀rín gidi. Màmá Gbékẹ̀lé pàápàá fi etí aṣọ bojú. Mo ti sún mọ́ gíláàsì tó fi jẹ́ pé èémí mi ń fọ́n sára rẹ̀. Ààyè ṣì wà. Mo lè fi lẹ́tà náà lẹ̀ mọ́ gíláàsì kó kà á. Yóò figbe ta, ohùn rẹ̀ á ha, apá irin á rọra tì í padà sí ìyè. Ẹ̀rọ aláìmọ̀kan yẹn ì bá gbà á là, bí mo bá gbà.

"Ka oókan títí dé ẹẹ́wàá."

Mo bá a kà á. Mo ń kà á nínú, ọwọ́ mi nínú àpò. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ohùn rẹ̀ kò mì. Ẹẹ́jọ, ẹẹ́sàn-án. Mo gbé ọwọ́ jáde. Òfìfo ni mo gbé e jáde.

"Ẹẹ́wàá."

"Ohùn mọ́," Olùgbọ́ wí. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí, ó sì bọ́ sí ilẹ̀ wa.

Mo ti rò pé nígbà tí orílẹ̀-èdè bá ń já kúrò lára àwọn yòókù, ariwo kan á wà. Kò sí. Iná àwọ̀ ewé tó wà lókè yàrá gíláàsì kàn kú, ilẹ̀kùn méjèèjì padé, ìyá arúgbó náà sì wà lóde, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì. Kò sí ẹni tó rántí pa Olùgbọ́. Ó ṣì ń bi yàrá òfìfo léèrè: "Ìwọ ta ni? Ọmọ ta ni? Ìwọ ta ni?"

"Tiwa la ó jẹ," ẹyẹ irin wí lókè. "Tiwa la ó lò. Ẹ kú oríire."

Adékàmbí ń wo ìyá náà. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Mo gba ààyè wọn," ó wí. "Tàǹtí, ẹ wò ó, mo gba ààyè wọn."

"Ẹ wá mu omi," ni mo wí. Ohun tí Màmá kọ́ wa ni. Mo mú un dé abẹ́ ìbòòji, mo fún un lómi nínú ife, ó jókòó lórí àpótí ìgò. Mo ń wá àgbà méjì tí yóò jókòó tì í. Màmá Gbékẹ̀lé ti lọ sídìí wáyà, ó ń bá ìyá arúgbó náà sọ̀rọ̀ gba ojú ihò. Kò sí àgbà kankan. Èmi nìkan ni.

Ó mu omi náà tán. Ó ṣí kúlà. Yìnyín ti ń yọ́ nínú rẹ̀, ìgò kékeré méjì dùbúlẹ̀ sáàárín, àmì ẹja ilé iṣẹ́ ìgò ìlú wa sì wà nídìí wọn. Ó mú ọ̀kan, ó nù ún mọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Ẹ bá mi di ọ̀kan mú, ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé. Kì í ṣe ti Dúnmọ́lá. Nínú lẹ́tà tó kọ sí mi níjẹta, ó ní ọmọbìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí tòun, tó ń fi ìka kọrin. Ó ní bí mo bá gbé ọ̀kan ṣoṣo wá, òun ò ní lè gbé e mì lójú ọmọ yẹn." Ó mi orí. "Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹni tí kò lè dá àkàrà jẹ. Mo tiẹ̀ ti fẹ́ kọ́kọ́ nà án sí yín lójú wáyà lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ náà tètè rí i lò, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ní kò sí lẹ́tà, tí ara Dúnmọ́lá ti ń yá, inú mi dùn débi tí mo gbàgbé. Ẹ máà bínú. Ṣé ẹ mọ ọmọ náà?"

Ìgò náà tutù nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó kéré. Kò tó àtàǹpàkò mi.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

"Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó ṣì wà."

"Ọlọ́run ṣeun!" Ó pa kúlà dé mọ́ ìgò tó kù, ó dìde, ó tún fìlà náà ṣe lórí, ó fa etí tó kúrú wálẹ̀ bóyá á bá èkejì dọ́gba. "Ó yá, ẹ mú mi lọ. Ọ̀nà wo ni?"

Ẹyẹ irin ti lọ, oòrùn ṣì mú, gbogbo ìgò inú ọkọ̀ mẹ́fà ń dán. Ibi tí mo bá wò ni wọ́n ti ń ṣẹ́jú sí mi. Mo gbé ìgò Àṣàbí sí ọwọ́ òsì. Mo ki ọ̀tún bọ àpò. Lẹ́tà náà ti gba òógùn ara mi, ó ti rọ̀ bí aṣọ. Mo kúnlẹ̀ kí n tó fà á jáde, ó sì rò pé ọpẹ́ ni mò ń dá, ó na ọwọ́ láti gbé mi dìde.

"Ẹ dìde jàre, Tàǹtí. Kí ló dé?"

"Tiyín ni."

Ó wò ó. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà, mo rí i pé ó mọ̀ ọ́n. "Ẹ ní kò sí," ó wí jẹ́jẹ́.

"Mo ní kò sí."

Ó rọra gbé kúlà sílẹ̀. Ó nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ọ̀tún, òsì, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ ṣé," ó wí. Ohùn rẹ̀ ṣì mọ́.